Ṣé gbogbo ‘-ize’ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń di ‘-izar’ ní Sípáníìṣì?

Olùkọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Kàbà ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́:

“Okun o, ọ̀gá. Mo ti ń fi fóònù kọ́ Sípáníìṣì láti ìgbà díẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé ‘organize’ tiwa ni ‘organizar’ tiwọn, ‘modernize’ ni ‘modernizar’, ‘civilize’ ni ‘civilizar’. Mo bá rò pé mo ti rí ọ̀nà àbùjá. Àfi ìgbà tí mo kọ ‘apologizar’ àti ‘recognizar’ tí fóònù ní irọ́ ni. Kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́ níbi gbogbo? Nǹkan kejì: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń bi mí bóyá ‘organise’ ni tàbí ‘organize’. Mi ò tíì rí èsì tó tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn. Ṣé Sípáníìṣì lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀?”

Okun o, Olùkọ́. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ wa.

Òótọ́ ni ohun tí ẹ rí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjì tí fóònù kọ̀ mú yín jù ú nù. Ọ̀nà àbùjá náà wà, ó sì lè fún yín ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀rọ̀ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó dé, ó ní ibi tí kò dé. Bí a bá mọ bí ìparí yìí ṣe wọ inú èdè méjèèjì, a ó lè fojú sọ ibi tó ti máa já wa kulẹ̀ kí a tó kọ ọ́.

Ní Yorùbá, iwájú ọ̀rọ̀ la ti ń so àfòmọ́ mọ́ ọn. Láti ara ‘kọ́’ la ti rí ‘ẹ̀kọ́’, ‘olùkọ́’ àti ‘àìkọ́’. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kì í gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni àwọn Gíríìkì ń so tiwọn mọ́. Wọ́n á mú ọ̀rọ̀-orúkọ, wọ́n á fi ‘-izein’ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó di ọ̀rọ̀-ìṣe. ‘Hellēn’ ni ọmọ ilẹ̀ Gíríìkì. ‘Hellēnizein’ ni kí èèyàn máa sọ èdè Gíríìkì. ‘Ostrakon’ ni àpáàdì. ‘Ostrakizein’ ni kí a lé èèyàn kúrò nílùú pẹ̀lú àpáàdì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é ní Áténì láyé àtijọ́: ará ìlú kọ̀ọ̀kan á ha orúkọ ẹni tó fẹ́ kó lọ sára àpáàdì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá pọ̀ jù á sì kúrò nílùú fún ọdún 10. Wọn kò gba ilẹ̀ rẹ̀, wọn kò gba dúkìá rẹ̀, kó ṣáà máa lọ ni. Themistocles, ẹni tó kó àwọn ọmọ ogun ojú omi Áténì ṣẹ́gun àwọn ará Páṣíà ní Salamis ní 480 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n fi àpáàdì lé òun náà lọ́jọ́ iwájú. Ibẹ̀ ni ‘ostracize’ Gẹ̀ẹ́sì ti wá.

Ta ló wá gbé ìparí yìí kúrò lọ́wọ́ Gíríìkì? Ìjọ Ọlọ́run ni, ju ẹnikẹ́ni lọ. Èdè Gíríìkì ni wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Titun. Nígbà tí ìgbàgbọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ Látìnì, wọn kò ní ọ̀rọ̀ tiwọn tó bá àwọn nǹkan tuntun náà mu gẹ́lẹ́, wọ́n bá gbé ti Gíríìkì bó ṣe wà: ‘baptizare’, ‘evangelizare’, ‘catechizare’, ‘exorcizare’. Láti inú Látìnì ṣọ́ọ̀ṣì yìí, Faransé gbà á, ó ń kọ ọ́ ní ‘-iser’. Àwọn Norman tó ń sọ Faransé gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ọ̀rọ̀ wọn sì rọ́ wọ inú Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún tó tẹ̀ lé e, ‘baptize’ wà lára wọn. Sípáníìṣì ní tirẹ̀ gbà á tààrà láti inú Látìnì, ó di ‘bautizar’.

Àwa náà gbà á o. Ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá, èyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ tó parí ní 1884. ‘Ìrìbọmi’ là ń sọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ‘baptisi’ ló wà nínú ìwé. ‘S’ àti ‘i’ tó wà níbẹ̀ yẹn, ìyókù ‘-izein’ ni. Crowther yìí kan náà ló ṣe bíṣọ́ọ̀bù ní agbègbè Odò Ọya, tí iṣẹ́ rẹ̀ gbé e dé Lọ́kọ́jà níbi tí odò méjèèjì ti pàdé. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Kàbà bá ń ka Mátíù orí 3, ó ti ń ka ìparí Gíríìkì láìmọ̀, bí ọmọ Mẹ́síkò tó ń ka ‘Juan el Bautista’.

Lẹ́yìn ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ti ṣílẹ̀kùn, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, agbẹjọ́rò àti ìjọba wọlé tẹ̀ lé e. Ìgbàkúùgbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé a sọ nǹkan kan di báyìí, tàbí a fi nǹkan kan sí nǹkan mìíràn, ìparí yìí ni wọ́n ń nawọ́ sí. Ọ̀pọ̀ èdè Yúróòpù ló sì ń ṣe é pọ̀, wọ́n ń yá ara wọn lò. Ìdí nìyí tí ‘legalize’ fi bá ‘legalizar’ mu, ‘privatize’ bá ‘privatizar’, ‘industrialize’ bá ‘industrializar’, ‘fertilize’ bá ‘fertilizar’, ‘hospitalize’ bá ‘hospitalizar’, ‘neutralize’ bá ‘neutralizar’. Ohun tó jẹ́ ti ìwé, ti ilé ẹjọ́, ti ilé ìwòsàn, ti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ti ìjọba, ẹ fi ọkàn balẹ̀ sọ ‘-ize’ rẹ̀ di ‘-izar’. Ẹ óò gbà á jù ẹ óò ṣì í lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn kò jìnnà sí yín. Lójú ọ̀nà Kàbà sí Ọ̀bájànà, níbi tí trélà símẹ́ǹtì ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ óò rí fọkanáísà tó to táyà jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ‘vulcanize’, ‘vulcanizar’ ní Sípáníìṣì. Vulcan ni òrìṣà iná àti àgbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù. Ní 1839, Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà ṣàwárí pé bí a bá po rọ́bà mọ́ imí-ọjọ́, tí a sì fi iná sí i, kì í yọ́ mọ́ nígbà ooru, kì í sì í gan mọ́ nígbà òtútù. Thomas Hancock ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, William Brockedon, ló sì mú orúkọ òrìṣà iná náà wá, tí wọ́n fi ìparí Gíríìkì sí i. Lónìí, bí táyà bá bẹ́ ní Mẹ́síkò, ‘vulcanizadora’ ni wọ́n ń wá. Ní Ṣílè, ‘vulcanización’ ni wọ́n kọ sára pátákó. Ẹni tó bá ti Kàbà lọ síbẹ̀ kò ní nílò ògbufọ̀ kó tó mọ ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà. Ní Sípéènì gan-an ni wọn kì í ti í pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ kàn ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìdí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Sípáníìṣì kì í fi lẹ́tà ṣòfò: ‘symbolize’ di ‘simbolizar’, ‘hypnotize’ di ‘hipnotizar’, ‘theorize’ di ‘teorizar’, ‘characterize’ di ‘caracterizar’, ‘harmonize’ sọ ‘h’ nù ó di ‘armonizar’. ‘Catechize’ ni ‘catequizar’. Bí ‘s’ àti kọ́ńsónáǹtì mìíràn bá jọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n á fi ‘e’ síwájú: ‘especializar’, ‘esterilizar’, ‘escandalizar’. Àwa náà kò fẹ́ràn irú àpapọ̀ bẹ́ẹ̀, àárín la máa ń fi fáwẹ́lì sí ní tiwa, bíi ‘sítáǹbù’. Nígbà mìíràn ìdí ọ̀rọ̀ á gùn sí i tàbí kó kúrú sí i: ‘prioritize’ ni ‘priorizar’, ‘digitize’ sì ni ‘digitalizar’.

Ó wá kan ibi tí fóònù ti kọ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti ṣàkíyèsí: ìparí yìí máa ń já wa kulẹ̀ jù lọ níbi ọ̀rọ̀ tó wà láàárín èèyàn sí èèyàn, tàbí tó wà nínú ọkàn ẹni. Bíbẹ̀bẹ̀, dídá ojú mọ̀, ṣíṣe lámèyítọ́, bíbánikẹ́dùn, kí nǹkan ṣàdédé yé èèyàn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò dúró de àwọn ọ̀mọ̀wé kó tó ní orúkọ. Àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún wọn látẹnu àwọn baba ńlá wọn, tàbí kí wọ́n gba ọ̀nà mìíràn ṣẹ̀dá rẹ̀. ‘Criticize’ ni ‘criticar’. ‘Summarize’ ni ‘resumir’. ‘Plagiarize’ ni ‘plagiar’. Oníṣòwò tó kọ ‘please patronize us’ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ‘ser cliente’ ló ń wá, torí ‘patrocinar’ ni kí èèyàn fi owó gbé nǹkan lárugẹ. Àní ‘ostracize’ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, Sípáníìṣì gba ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀, ‘ostracismo’, àmọ́ ‘condenar al ostracismo’ ni wọ́n ń sọ fún ìṣe náà.

‘Recognize’ tiẹ̀ yàtọ̀ gan-an, kò ní ‘-izein’ kankan nínú. Látìnì ‘recognoscere’ ni, tó gba inú Faransé kọjá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló rí i pé ó jọ àwọn ìyókù tí wọ́n fi wọ̀ ọ́ láṣọ ẹgbẹ́. Sípáníìṣì mú tirẹ̀ láti ìdí Látìnì kan náà, ó di ‘reconocer’. ‘Advertise’ náà nìyẹn: ‘anunciar’ ni ní Sípáníìṣì, nítorí ‘advertir’ tó jọ ọ́ lójú, ìkìlọ̀ ló jẹ́.

‘Apologize’ ló yẹ kí a jókòó tì. ‘Apologia’ Gíríìkì ni àwíjàre, ọ̀rọ̀ tí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn máa ń sọ níwájú adájọ́. Nígbà tí Socrates, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì nì, dúró níwájú ilé ẹjọ́ Áténì ní 399 ṣáájú ìbí Kristi, ohun tó sọ ni Plato, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, pè ní ‘Apologia’, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ń sọ fún wọn pé òun kò jẹ̀bi ni. Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀, kó tó wá yí díẹ̀díẹ̀ di títọrọ àforíjì. Sípáníìṣì kò bá a yí. ‘Apología’ lọ́dọ̀ wọn títí dòní ni ìgbèjà tàbí ìyìn. Ní Sípéènì, ‘apología del terrorismo’ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún yíyin ìwà ìpáǹle àwọn agbésùnmọ̀mí, èyí tó lè gbé èèyàn dé iwájú adájọ́. Ẹ wo bí ó ṣe jìnnà sí ‘ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú’. Bí ẹ bá fẹ́ tọrọ àforíjì, ‘disculparse’ tàbí ‘pedir perdón’ ni kí ẹ lò: ‘Le pido disculpas’ fún àgbà tàbí ẹni tí ẹ bọ̀wọ̀ fún, ‘Te pido perdón’ fún ẹgbẹ́ yín. Inú mi dùn pé wọ́n ní irú ìyàtọ̀ ọ̀wọ̀ yìí. Ọmọ Yorùbá kì í pẹ́ mọ̀ ọ́n.

Àwọn tó léwu jù ni àwọn tó wà ní èdè méjèèjì ṣùgbọ́n tí ìtumọ̀ wọn ti ya, nítorí fóònù kò ní fa ìlà sí wọn nídìí. Mẹ́ta péré ni mo máa mẹ́nu kàn. ‘Realizar’ ni kí èèyàn ṣe iṣẹ́ kan yọrí: ‘Realicé el trabajo’, mo ṣe iṣẹ́ náà. Bí nǹkan bá yé yín lójijì, ‘darse cuenta’ ni: ‘Me di cuenta de que llovía’, mo wá rí i pé òjò ń rọ̀. Ìtumọ̀ àtijọ́ ni Sípáníìṣì dì mú, Gẹ̀ẹ́sì ló fi tuntun kún tirẹ̀. ‘Simpatizar’ ni kí ọ̀rọ̀ èèyàn wọ̀ yín tàbí kí ẹ fara mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnìkan, tí ẹ lọ bá a kẹ́dùn, ‘dar el pésame’ lẹ ṣe, ohun tí ẹ óò sì sọ fún un ni ‘Le acompaño en el sentimiento’. Ẹ̀kẹta ni ‘agonizar’. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ lè ‘agonize’ lórí ìdánwò, kó ṣáà máa dààmú. Ní Sípáníìṣì, ẹni tó wà lẹ́nu ikú ni ‘agoniza’. Bí ẹ bá kọ ọ́ sí ẹnìkan pé àbúrò yín ‘agoniza’ nítorí WAEC, ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Gíríìkì ‘agōnizesthai’ ni ìjàkadì níbi ìdíje. Èdè kọ̀ọ̀kan ló mú ìjàkadì náà lọ síbi tó wù ú.

Ìparí kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí àwọn ìwé tí wọ́n ń tà fún akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà sọ ọ́. Sípáníìṣì gba ‘-izein’ lẹ́ẹ̀mejì. Ní àkọ́kọ́, ó gba ẹnu àwọn ará ìlú tó ń sọ Látìnì ojoojúmọ́, wọ́n ń pè é ní ‘-idiare’, ó sì ń rá títí ó fi di ‘-ear’. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé tún gbé e wá láti inú ìwé, ó di ‘-izar’. Wọ́n dà bí ọmọ ìyá méjì tó kúrò ní Ìsánlú lọ sí Kàbà, tí ọ̀kan ti fẹsẹ̀ rìn tipẹ́ débi pé bàtà rẹ̀ ti jẹ tán, tí èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ mọ́tò dé pẹ̀lú aṣọ tó dán. Ẹni tí kò mọ ìyá wọn kò ní mọ̀ pé wọ́n bára tan. ‘Fantasize’ Gẹ̀ẹ́sì, ‘fantasear’ ni ní Sípáníìṣì. ‘-Ear’ yìí ni wọ́n sì máa ń fi gba àwọn ọ̀rọ̀ tuntun tó wá látorí kọ̀ǹpútà: ‘chatear’, ‘escanear’. Nítorí náà, bí ‘-izar’ bá kọ̀, ẹ dán ‘-ear’ wò kí ẹ tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè.

Ní ti ‘s’ àti ‘z’ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ń bi yín, àwọn èèyàn sábà máa ń sọ pé ‘s’ ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ‘z’ ni ti Amẹ́ríkà. Ìdajì òótọ́ ni. Òótọ́ ni pé Amẹ́ríkà di ‘z’ mú ṣinṣin, tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń lo ‘s’. Àmọ́ ‘z’ ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford sì ń fi ‘-ize’ ṣáájú títí dòní, nítorí pé lẹ́tà ‘zeta’ ló wà nínú Gíríìkì, ‘z’ náà ni etí sì ń gbọ́. ‘S’ jẹ́ ti Faransé. Ẹ sọ fún wọn pé méjèèjì tọ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ àròkọ pẹ̀lú ọ̀kan má ṣe fi èkejì parí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá kọ́ wọn ní ‘z’ nìkan ni ẹ óò ṣọ́ra sí i, torí àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í gba ‘z’ láéláé, kódà ní Amẹ́ríkà: ‘supervise’, ‘revise’, ‘improvise’, ‘televise’, ‘advise’, ‘surprise’, ‘exercise’, ‘despise’, ‘circumcise’, ‘compromise’. Látìnì ni gbogbo wọn, ‘s’ wọn jẹ́ ara ìdí ọ̀rọ̀. Ibí gan-an ni Sípáníìṣì ti lè gbà yín. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi ‘-ise’ bò mọ́lẹ̀, Sípáníìṣì ń fi lẹ́tà hàn án gbangba: ‘supervisar’, ‘revisar’, ‘improvisar’, ‘televisar’, ‘s’ ni gbogbo wọn, ‘organizar’, ‘autorizar’, ‘modernizar’, ‘z’ ni. Àwọn ìyókù kò tiẹ̀ jọ ìparí yẹn rárá: ‘aconsejar’ fún ‘advise’, ‘sorprender’, ‘despreciar’, ‘circuncidar’. Bí ọmọ bá ń ṣiyèméjì lórí ‘supervise’, kí ó rántí ‘supervisar’. Méjì péré tó máa ta ko òfin yìí tí ẹ óò pàdé lemọ́lemọ́ ni ‘analyze’ àti ‘paralyze’. Gíríìkì ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò ní ‘-izein’. ‘Lyein’, kí a tú nǹkan, ló wà nínú wọn. Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Bìrìtìkó ń kọ wọ́n ní ‘-yse’, Amẹ́ríkà ní ‘-yze’, Sípáníìṣì sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn ìyókù: ‘analizar’, ‘paralizar’.

Ìró ‘z’ kò ní yọ yín lẹ́nu. Yorùbá kò ní in, Sípáníìṣì pàápàá kò ní ‘z’ irú ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní Mẹ́síkò, ní Kùbà àti káàkiri Látìnì Amẹ́ríkà, ‘s’ lásán ni wọ́n ń pe ‘organizar’ sí; ní ọ̀pọ̀ ibi ní Sípéènì, wọ́n á fi ahọ́n kan eyín bí ẹni ń pe ‘th’ inú ‘think’. Èyí tó bá rọrùn fún yín nínú méjèèjì, ẹ lò ó.

Kíkọ rẹ̀ ló fẹ́ àkíyèsí. Sípáníìṣì kì í sábà fi ‘z’ síwájú ‘e’, ‘c’ ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀. ‘Organizo’, mo ń ṣètò. Ṣùgbọ́n ‘organicé’, mo ti ṣètò. ‘Bautizamos’, a ń ṣèrìbọmi. Ṣùgbọ́n ‘que bauticemos’, kí a ṣèrìbọmi. Kò sí ọ̀kankan nínú gbogbo ‘-izar’ tó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú òfin yìí. Ẹ mú ‘organizar’ nìkan, ẹ kọ ọ́ ní gbogbo ọ̀nà tó máa ń gbà yí, ẹ mọ̀ ọ́n sórí. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó kù.